Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Ọláwálé

Ènìyàn kì í jókòó lé iké, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti jókòó lé èyí.

Ìyá Bùsọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gbossimé, ní Lomé, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo alùpùpù tó wà láàárín ilé. Ìrọ̀lẹ́ àná ló rán àga rẹ̀ tán. Iwájú àga náà tẹ́jú fún ẹni tí yóò máa wà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣe ní iké, tìmùtìmù líle tó fi awọ sikáì dúdú bò, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibẹ̀ jókòó sí. Ó ti fa awọ náà títí ó fi le bí ikùn ọmọ tó yó. Àmọ́ ní àárọ̀ yìí iké náà ti tẹ̀ wọlẹ̀. Kò ya. Eku kò jẹ ẹ́. Ó tẹ̀ bí ìdí ènìyàn ṣe rí, apá òsì àti apá ọ̀tún, bí ìgbà tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Táyà ẹ̀yìn náà sì ti rọ̀ díẹ̀.

Ó yẹ fèrèsé wò. Títì ló wà. Ó gbójú sókè wo òrùlé. Kò sí ihò. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà ní, ọrùn rẹ̀ ló sì ń so ó mọ́ sùn.

"Tìmùtìmù burúkú," ló wí, ó bá mú ọ̀bẹ.

Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá ni, kì í fi iṣẹ́ falẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Mosúnmọ́lá ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ń fi orúkọ yẹn pè é ti kú tán. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ àga rírán, ọkọ náà sì ti lọ. Bùsọ́lá, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, wọ ọkọ̀ lọ sí Libreville ní oṣù méje sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ilẹ̀kùn ilé tán, kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló jẹ. Ohùn ọmọ náà wà lórí fóònù rẹ̀, ìyẹn tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó dé ọ̀hún: "Màámi, mo ti dé o, ẹ má ronú." Òun ló máa ń tẹ̀ gbọ́ bó bá ń jẹun ọ̀sán. Ó ti gbọ́ ọ débi pé ó mọ ibi tí ọmọ náà ti mí.

Ìta tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Gàníyù ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Lomé ni Gàníyù, mẹkáníìkì ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Alùpùpù Jàpáànù àtijọ́ ni yóò gbà, tàbí tuntun tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ kó jọ ti ẹlòmíràn. Á tú u palẹ̀, á gé irin ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, á rẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gùn ún yóò tẹrí ba bí àgbò tó fẹ́ kàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ní kí Ìyá Bùsọ́lá rán àga ẹnìkan sí i. Kàfé-résà ni wọ́n ń pè é. Gàníyù ní àwọn òyìnbó kan ló dá a sílẹ̀ nígbà kan, tí wọ́n fi ń sáré láti ilé kọfí kan dé òmíràn.

"Nítorí kọfí?" ni Ìyá Bùsọ́lá bi í lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Nítorí fàájì ni, Ìyá Bùsọ́lá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ibo wá ni ìyàwó wọn ń jókòó sí?"

Gàníyù rẹ́rìn-ín. "Wọn kì í gbé ìyàwó. Adùn rẹ̀ gan-an nìyẹn."

Ní Lomé, tí alùpùpù kan ti ń gbé ìyá, ọmọ, àpò gàrí àti adìyẹ méjì, ọ̀rọ̀ yìí kò yé Ìyá Bùsọ́lá. Ṣùgbọ́n ó ń rán àga náà, ó sì ń rán an dáadáa. Ọmọ ọlọ́lá ló sábà máa ń gbé kàfé-résà wá, wọn á sì máa jà lórí àwọ̀, lórí òwú, lórí bí iná iwájú yóò ṣe rí.

Ẹni tó ni èyí tó wà nílẹ̀ yìí kò jà lórí ohunkóhun. Ọláwálé ni wọ́n ń pè é, akunlé ní Ablogamé. Ọkùnrin tó ń fi àwọ̀ jẹun, Gàníyù bi í pé àwọ̀ wo ló fẹ́, ó ní èyíkéyìí. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún.

"Ẹ gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Ẹ má ṣẹ́ ibì kankan kù tí ènìyàn lè fi ìdí lé."

Gàníyù gé e, ó jó irin rẹ̀ pọ̀, ó yọ irin ìfẹsẹ̀lé èrò dànù. Nígbà tó sì jẹ́ pé ìta gbangba ló ti ń ṣiṣẹ́, tí òjò sì ń rọ̀, ó ti alùpùpù náà wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bùsọ́lá, kí ìyẹn lè máa wọn àga mọ́ ọn lára.

Ọjọ́ tí iké náà tẹ̀ yìí, ó tú u, ó fi tìmùtìmù mìíràn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i, ó tẹ́ páànù sábẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ọ̀lù lẹ̀ ẹ́, ó tún un rán. Aago méjìlá lù. Gbogbo Gbossimé pa ilẹ̀kùn dé fún ìsinmi ọ̀sán. Oòrùn dúró sáàárín orí. Kò sí ẹsẹ̀ kan ní títì, àfi ewúrẹ́ kan tó ń ha ara rẹ̀ mọ́ ògiri. Ìyá Bùsọ́lá jẹun, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó sùn sórí ẹní lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ.

Kò tí ì sùn lọ tó fi gbọ́ ọ. Sipirín alùpùpù náà dún kí-ín, bí ìgbà tí ẹni tó ti jókòó pẹ́ bá ń tún ìdí ṣe.

Ó la ojú. Kò gbé orí. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá, díẹ̀díẹ̀: òórùn róòbù, irú èyí tí wọ́n fi ń pa àyà ẹni tí ibà ń ṣe. Òun kò ní róòbù nínú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó rọra wúkọ́ ọ, bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà dí ẹni tó ń sùn lọ́wọ́.

Irun ara rẹ̀ dìde. Ó yẹ kó sá. Ilẹ̀kùn kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù méje, ẹnikẹ́ni kò wúkọ́ nítòsí rẹ̀ bó bá ń sùn. Kó tó mọ ohun tó ń sọ, ó ti wí pé:

"Pẹ̀lẹ́ o. Ikọ́ yẹn ò dáa."

Sipirín náà dún kí-ín, ó dákẹ́.

Nígbà tó dìde, iké náà ti tẹ̀, pẹ̀lú páànù abẹ́ rẹ̀.

Kò sọ fún Gàníyù. Lọ́jọ́ kejì Gàníyù ké sí i láti òdìkejì títì pé, "Ìyá Bùsọ́lá, ẹlẹ́rù ń dà mí láàmú o!" Ó dá a lóhùn pé sikáì náà kò dára, pé òun ń dúró de òmíràn. Irọ́ ni. Sikáì pọ̀ lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó mọ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí nǹkan náà bó bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Ó sọ fún un pé ẹja ti wọ́n. Ó sọ fún un pé Bùsọ́lá kò pè. Ó gbé ife omi sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó ní ooru mú. Ní ìrọ̀lẹ́, omi náà kò dín, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí róòbù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Ọláwálé fúnra rẹ̀ wọlé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀dà funfun gbẹ mọ́ èékánná rẹ̀.

"Bọ́njúù, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ṣe é tán?"

Ó wo iké tó tẹ̀ náà. Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ó yà á lẹ́nu, ó kàn rẹ̀wẹ̀sì ni.

Ìyá Bùsọ́lá fa ilẹ̀kùn dé. "Ọláwálé," ló wí ní ohùn kékeré, "ta lò ń gbé lẹ́yìn?"

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àjákù sikáì.

"Ẹ̀yin náà ti rí i," ló wí.

"Mi ò rí i. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀."

"Àmínátù ni. Ìyàwó mi." Ó ń ṣa àjákù sikáì jọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Òjò ọdún tó kọjá, omi gba gbogbo Ablogamé, takisí kankan kò wọlé. Ibà náà le. Mo fi róòbù pa á lára, mo gbé e sẹ́yìn mi, mo fi ìró rẹ̀ dè é mọ́ra mi bí ìgbà tí ẹ bá pọn ọmọ, kó má baà ṣubú. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ lọ́rùn mi, Ìyá. Nígbà tí a dé ibi iná ojú títì, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo rò pé oorun ló gbé e lọ. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ó rí oorun sùn."

Ìyá Bùsọ́lá jókòó tì í.

"Ní ọsibítù, wọ́n tú ìró náà, wọ́n gbé e lọ. Wọ́n sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ọjọ́ kẹta tí mo gun alùpùpù, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Mo ní táyà ni. Ọlọ́pàá kan dá mi dúró lọ́sàn-án gangan, ó ní, 'Mìsíọ̀, akoto tìrẹ nìyí, ti màdáàmù dà?' Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá náà tún wo ẹ̀yìn mi. Ó wo ojú mi. Ó ní kí n máa lọ, kò béèrè ìwé."

"Kí ló dé tí o ò tà á?"

"Kí ọkùnrin mìíràn wá máa gbé ìyàwó mi kiri?" Ó fọwọ́ kan iké náà. "Mo rò pé bí kò bá rí àyè mọ́, yóò lọ sinmi. Ó ti rẹ̀ ẹ́, Ìyá. Bó ṣe ń mí, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Ìyá Bùsọ́lá wí. "Ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ẹ ti dé?"

"Fún ta?"

"Fún Àmínátù. Èrò tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, tí oorun gbé lọ, ṣé kì í ṣe pé a máa ń jí i, ká ní, 'A ti dé, sọ̀kalẹ̀'? Ṣé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un?"

Ọláwálé mi orí.

Ìyá Bùsọ́lá ti rántí ohun kan láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sí Lomé, tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lójú ọ̀nà, ìyá rẹ̀ ń bá òkú náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá èrò sọ̀rọ̀: "Bàbá Mosún, a ti kúrò ní Anẹ́hò o. Bàbá Mosún, odò nìyí, a fẹ́ gun afárá." Nígbà tí wọ́n dúró ní bọ́dà Hilla-Kondji, tí gbogbo èèyàn ń nasẹ̀, òun Mosúnmọ́lá ní kí bàbá òun náà nasẹ̀. Ó pè é, "Bàbá, ẹ sọ̀..." Ìyá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ pàì, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí. Àlùbọ́sà ni ọwọ́ náà ń rùn. "Kì í ṣe níbí!" ni ìyá rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ sì le. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, tó pe òkú náà lórúkọ, tó ní kó sọ̀kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sọ ìdí tó fi bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un títí ìyá náà fi kú.

"Níbo ni ilé Àmínátù?" ló bi Ọláwálé.

"Sakété ni, lẹ́yìn bọ́dà. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé."

"Ó dáa. Ní ọ̀la, gbé e lọ. Gbogbo oríta, gbogbo bọ́dà, máa sọ ibi tí ẹ dé fún un. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, kí ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó pè é, kó ní kó sọ̀kalẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọláwálé dọ̀bálẹ̀ lórí àjákù sikáì. Ó dúpẹ́, ó nu imú, ó ti alùpùpù náà jáde sínú oòrùn. Kò bìkítà pé iké tẹ̀. Ó gùn ún, ó ta á níná. Iwájú gba ọkùnrin náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn alùpùpù náà tún lọ sílẹ̀ sí i, ní pẹ̀lẹ́.

Ìyá Bùsọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, tòun ti ife omi náà, tòun ti ẹní. Ó rí ìrọ̀lẹ́ tó ń bọ̀, ó rí ọ̀la, ó rí oúnjẹ ọ̀sán àti fóònù. Ẹnu rẹ̀ là.

"Àmínátù," ló wí, kò pariwo. "A ti dé. Sọ̀kalẹ̀."

Sipirín náà dún kí-ín. Ẹ̀yìn alùpùpù náà gbé ara sókè. Iké náà fò sókè pọ́, ó yọ gbọnrangandan bí ọjọ́ tí wọ́n rán an.

Ọláwálé yíjú padà. "Ìyá! Ó ti fúyẹ́! Ìyá, ó ti fúyẹ́!" Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tan iná alùpùpù, ó ń pa á, bí ọmọdé, ó sì wakọ̀ lọ kó tó ronú kan ohunkóhun mìíràn.

Ìyá Bùsọ́lá wọlé. Ẹní tó ti ká jọ ti tẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń rùn bí róòbù. Ìgbà náà ló tó mọ ohun tí ìyá òun fi ọwọ́ alálùbọ́sà bò mọ́lẹ̀ ní Hilla-Kondji: ibi tí a bá ti ní kí òkú sọ̀kalẹ̀ ni yóò máa gbé, ẹni tó bá sì pè é ni olùgbàlejò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tí ì ṣílẹ̀kùn tán tí Ọláwálé fi dé. Ó ti wọ aṣọ ìrìnàjò, báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sùn, ojú rẹ̀ fi hàn.

"Ìyá, mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ti pe ìyá rẹ̀ ní Sakété. Ó ti gbá ojúlé, ó ti gbé àga síta, ó ń retí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni Àmínátù sọ̀kalẹ̀ sí? Bó bá jẹ́ ibí ni, ẹ sọ fún mi. Màá fi takisí gbé e, àga méjì ni màá gbà. Mi ò ní fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà lẹ́ẹ̀kejì."

Ìyá Bùsọ́lá dúró níwájú rẹ̀. Ẹnìkan wà lẹ́yìn ìyá náà. Ọwọ́ kan di ìró rẹ̀ mú níbàdí, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, kíá kíá, bí èrò ṣe ń fa aṣọ ẹni tó ń gbé e bí ó bá ti rí ibi tó ń lọ.

Ó fi ọwọ́ tún ìró rẹ̀ wé.

"Kò sí níbí," ló wí. "Ó ti lọ sinmi. Lọ sọ fún ìyá rẹ̀ kó gbé àga wọlé."

Ọláwálé mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó lọ. Ọwọ́ tó wà níbàdí Ìyá Bùsọ́lá kò fa aṣọ mọ́. Ó kàn dì í mú ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan wúkọ́, ó ṣì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Dákẹ́," ni Ìyá Bùsọ́lá wí. "Màá ra àgbo bọ̀."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó jáde sí ojú títì, ó na ọwọ́ sí ọkùnrin kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ó ní Bè-Kpota lòun ti fẹ́ ra àgbo. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó mi orí.

"Màmá, ènìyàn méjì? Ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà lónìí o."

Ìyá Bùsọ́lá kò wẹ̀yìn. Ó gun alùpùpù náà, ó fi ọwọ́ di èjìká ọkùnrin náà mú, ó sì sún síwájú.

"Ọmọ mi ni," ló wí. "Kò wúwo."